Akọni Ará Japan, Bí Mo Ṣe Túmọ̀ Rẹ̀

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin 2025

Ó ti bọ́ sí i. Chiara, kóòṣì wa, sọ ọ́ nínú spogliatoio, yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́: Davide tó ń lóṣòó tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, Rẹ̀mí, èmi nìyẹn, ni yóò máa lóṣòó lọ́dún yìí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Igi bẹ́ǹṣì yẹn mọ ìdí mi ju àga ilé wa lọ.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù irun Màmá lọ láti sọ fún wọn. Irun oníbàárà kan wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Lílóṣòó náà ni wọ́n fi ọ́ jẹ?" Mo ṣàlàyé — ní Yorùbá o, mi ò sá sínú Italian bí ìṣe mi. Mo ní nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan di igi mú láti gbá a, ẹni kẹta lóṣòó sẹ́yìn onígi pẹ̀lú ìbòjú irin àti ìbọ̀wọ́ ńlá kan. Ohun tí onígi kò bá gbá, òun ló ń hán an. Òun náà ló ń fi ìka sọ fún ajùbọ́ọ̀lù irú èyí tí yóò jù. Mo ní òun ni ọpọlọ ẹgbẹ́.

Oníbàárà dá sí i lábẹ́ kóòmù: "Pẹ̀lú lílóṣòó yẹn? Ọ̀pọ̀lọ́ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ wí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi tú irun tí wọ́n ti dì.

Nǹkan kejì. Ọba Táyà — Signor Gallesio, presidente wa, alága ẹgbẹ́, tó ń ta táyà lẹ́bàá ọ̀nà Settimo — ń mú ará Japan kan bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbáradì pẹ̀lú àwọn ajùbọ́ọ̀lù. Èmi ni ògbufọ̀. Ọba Táyà ní, "Ọmọ Nigeria ni ẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè yín." Torino ni wọ́n bí mi sí. Ọwọ́ tíṣà kan tí kò kọjá Cuneo rí ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tèmi. Mo ní kò burú.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

A lọ gbé e ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Caselle, èmi àti Testimony, ajùbọ́ọ̀lù wa, ọmọ Edo láti Moncalieri. Nagamine Shōji lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Kò ga. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún bí atalẹ̀ tó gbẹ.

Ó tẹrí ba fún mi. Àgbàlagbà kì í tẹrí ba fún mi kí n dúró ṣánṣán, ilé ẹ̀kọ́ Màmá ò fàyè gbà á, ni mo bá tẹ̀ ju tiẹ̀ lọ. Ó rí i, ó tún tẹ̀ ju tèmi. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ń ti ẹrù wọn yí wa ká. Testimony ń fi fóònù ya wá, ó ní, "Una go break waist for here."

Ó tẹrí ba fún mọ́tò náà kó tó wọ̀ ọ́. Láti òní lọ, Bàbá Nága ni mo pè é nínú ìwé yìí.

Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Ìfihàn Bàbá Nága ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ Settimo. Ọgọ́ta ènìyàn, àádọ́ta nínú wọn nítorí wáìnì prosecco ọ̀fẹ́. Oníròyìn kan. Ọba Táyà wọ táì.

Bàbá Nága dìde. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ẹyin. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun lò nínú bésíbọ́ọ̀lù àwọn tó ń gbowó oṣù ní Japan. Ó ní ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ pápá ni òun wà, níbi tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù ti ń na apá kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n á jù, òun á hán. Bí wọ́n bá ti pè wọ́n sínú pápá, iṣẹ́ òun parí. Ó ní ìdíje gidi tí òun fẹsẹ̀ tẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlógún jẹ́ mọ́kànlá.

Mọ́kànlá. Ó sọ ọ́ láìtijú, bí ẹni ń sọ iye ọmọ tó bí.

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Ibẹ̀ ni Àǹkù Adéoyè ti gùn mí. Ẹ̀gbọ́n Màmá ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń darí ètò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bologna. Lẹ́nu wọn, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn di "onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ jákèjádò àgbáyé", obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó kan di "ìyá àwọn aláìlera ní Emilia-Romagna". A kì í gbé àlejò kalẹ̀ lófo, wọ́n máa ń wí. Orí àga ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo ti máa ń lo gbogbo ìsinmi ọmọdé mi.

Mo ní: "Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sí ajùbọ́ọ̀lù ńlá kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gun pápá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba ọwọ́ ọkùnrin yìí kọjá."

Òótọ́ pọ́ńbélé. Tí mo bá dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́ sì dùn. Mo tún ní: "Akọni àwọn akọni ni wọ́n ń pè é níbẹ̀."

Ta ló ń pè é? Èmi. Láti ìṣẹ́jú yẹn.

Wọ́n dìde fún un. Ó tẹrí ba. Omi lé sójú Ọba Táyà.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹrin

Ó wà nínú ìwé ìròyìn. *Il campione dei campioni*, akọni àwọn akọni, ní Settimo. Ọba Táyà ra ẹ̀dà méjìlá, ó lẹ ọ̀kan mọ́ àárín àwọn táyà ìgbà òtútù. Màmá ní, "Orúkọ ìwọ ògbufọ̀ dà níbẹ̀?"

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Wọ́n lẹ ìwé orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ ògiri. Ricevitore, ìyẹn ẹni tó ń lóṣòó: Nagamine. Bẹ́ǹṣì: èmi.

Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Òfòrò pàápàá, ọmọ méjì péré ló bí kó tó pariwo. Kí ni èmi bí?

Ẹtì, 11 Oṣù Kẹrin

Bàbá Nága pè mí sẹ́yìn ògiri. Ó ní òun rò pé àṣìṣe wà lórí ìwé yẹn, wọ́n fi orúkọ òun síbi tí kì í ṣe tòun. Kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun béèrè.

Ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí gbayawu. Kí n rìn lọ bá Chiara, kí n ní ẹ dákun, ahọ́n mi ló yọ̀. Ìṣẹ́jú kan.

Mo ní, "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, sà."

Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó yọ fóònù, ó ya á ní fọ́tò. Ó tún un yà, nítorí òjìji orí rẹ̀ bọ́ sórí orúkọ rẹ̀.

Àìkú, 13 Oṣù Kẹrin

Ìdíje àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kan láti ọ̀nà Novara. Akọni àwọn akọni di igi mú lẹ́ẹ̀mẹrin, atẹ́gùn ló gbá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ibùdó mẹ́ta ni asáré ń fẹsẹ̀ kàn kó tó wọlé gba àmì. Nígbà tí ọ̀tá fẹ́ sáré jí ibùdó kejì, ó yẹ kí akọni wa ju bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Tirẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ń yí lọ bí ọsàn tó já nínú àpò. Ọba Táyà ṣàlàyé fún gbogbo ìlà àga rẹ̀ pé ọgbọ́n ìtànjẹ àwọn ará Japan nìyẹn.

A borí, 6 sí 2. Kò yé mi.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹrin

Bẹ́ǹṣì. Bí ìdí mi ṣe máa ń rí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

Mo ti mọ ìdí tí a fi ń borí, ó sì ń bí mi nínú.

Testimony lágbára, gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà á. Bí onígi kan bá gbá tirẹ̀ dáadáa, bọ́ọ̀lù márùn-ún tó tẹ̀ lé e á lọ sí Moncalieri. Lọ́dún yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Lónìí mo dúró tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gbáradì, mo sì gbọ́ ọ. Tí Bàbá Nága bá hán bọ́ọ̀lù, ó máa ń dún *pàáù*, bí ẹni gbá ilẹ̀kùn irin. Bọ́ọ̀lù kan náà, tí èmi bá hán an: *pọ̀*. Bí ẹni ju bàtà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi í léèrè. Ó fi hàn mí: kò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù sí àtẹ́lẹwọ́ tó le, bí kò ṣe sí ojú kan báyìí nínú awọ ìbọ̀wọ́, ní ìṣẹ́jú àáyá tó tọ́, kí ọwọ́ sì tì í síwájú díẹ̀. Ó ní ajùbọ́ọ̀lù ò lè rí bọ́ọ̀lù ara rẹ̀ dáadáa. Etí ló fi ń mọ̀ bóyá òun dára lọ́jọ́ náà. Ó ní ní Japan, iṣẹ́ òun nìyẹn. Ọjọ́ tí ajùbọ́ọ̀lù bá dára, kó dún. Ọjọ́ tí kò bá dára, kó dún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Irọ́ ni ẹ̀ ń pa fún wọn nígbà náà."

Ó rò ó. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Lójoojúmọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì tijú. Testimony ń fẹsẹ̀ họ ilẹ̀ ní ọ̀kánkán bí akọ màlúù, ó rò pé òun ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Màmá ní kí n mú àlejò náà wálé jẹun. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, ó to méjèèjì síbi kan, ó wá kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjì gbé ẹ̀bùn bísíkíìtì fún Màmá.

Ó parí fún mi. Màmá ní, "O rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé? Ìwọ dúró síbẹ̀ bí òpó iná."

Mo ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, kì í ṣe ọmọ.

"Ó ní ìyá àbí kò ní?"

Ó ní ìyá. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá òkun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá ní kí n bi í bóyá ìyá rẹ̀ máa ń wá wo ìdíje rẹ̀. Ó ní ó wá ní ọdún kejì, lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó títí ìdíje fi parí, kò rí òun. Ẹ̀yìn ògiri ni òun wà.

Màmá fi ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Ìṣù ẹran tó yẹ kó jẹ́ tèmi, mo mọ̀ ọ́n nípa egungun rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ dìde, orúnkún òsì rẹ̀ dún. Ó di etí tábìlì mú, ó ṣe bí ẹni ń wo aṣọ tábìlì.

Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Karùn-ún

Mo pe Àǹkù Adéoyè ní Bologna, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, kí ló dé tí o fi parí sí akọni àwọn akọni? O ò mẹ́nu ba ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ipò mi ló lọ sí i.

Wọ́n ní, "Gbọ́ mi. Tí mo bá pe ẹnì kan ní olóyè, ẹnì yẹn á na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Kì í ṣe irọ́ ni mo pa, aṣọ ni mo dá fún un. Tó bá tóbi jù ú, kó sanra sí i."

Mo ní kí ni ti ẹni tó bọ́ aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti fi dá a?

Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Karùn-ún

Ìdíje tó kàn ni yóò pinnu ìdajì ọdún yìí: Padova, ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kẹfà. Chiara sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ kan ní Bologna, wọ́n ń wá ricevitore tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún. Mo máa pé e ní Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń bọ̀. Kò ní padà.

Mo ní, "Ta ni yóò wá wò, lórí bẹ́ǹṣì?"

Ó wò mí. Ó wọlé lọ.

Mo máa sọ òótọ́ fún un. Lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Karùn-ún

Mi ò sọ.

Ẹtì, 23 Oṣù Karùn-ún

Mo sọ. Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ: mọ́kànlá, ẹ̀gbẹ́ pápá, ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀. Mo ti múra bí ẹni tó fẹ́ gba ìdájọ́.

Chiara ń wé okùn mọ́ igi lọ́wọ́. Kò dá a dúró. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò lè ju bọ́ọ̀lù dé ibùdó kejì, akọni wo ni?"

Mo ní kí ló wá dé.

Ó ní lọ́dún tó kọjá, nínú ìdíje kan, Testimony máa ń jẹ́ kí onígi mẹ́jọ rìn dé ibùdó kìn-ín-ní lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò dé ibi tó yẹ. Lọ́dún yìí, méjì. "Gallesio ló fẹ́ akọni. Èmi, ẹni tí Testimony ò ní bẹ̀rù níwájú rẹ̀ ni mo fẹ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti fún mi ní ipò yẹn ní Oṣù Kẹrin."

"Ní Oṣù Kẹrin, kò sí ẹlòmíràn."

Oṣù kan ààbọ̀ ni mo fi rò pé ẹnu mi ló pa mí. Èrò yẹn ti ń tù mí nínú, mi ò kàn mọ̀ ni. Ọwọ́ mi tí kò lè mú bọ́ọ̀lù dún ló pa mí.

Ó ṣàánú mi díẹ̀ nígbà tí mo ń lọ. Ó ní orúnkún Bàbá Nága ti ń bàjẹ́. Tó bá kọ̀ ọ́ ní Padova, mo máa wọlé. Kí n máa hán bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ títí dìgbà yẹn.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Karùn-ún

Mo gbàdúrà nípa orúnkún ẹlòmíràn. Mi ò ní kọ ohun tí mo tọrọ.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Karùn-ún

*Pàáù.* Mẹ́rin nínú ogún. Testimony ní, "E don dey sound small." Ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà, nínú bọ́ọ̀sì

A ti ń padà lọ sílé.

Padova gbóná. Ọkùnrin ará Bologna jókòó sí ìlà kẹta, fìlà àwọ̀ ewé, ìwé kékeré lórí itan. Ọba Táyà lọ bá a, ó sọ fún un nípa akọni àwọn akọni, ó fún un ní káàdì táyà.

Ìpele mẹ́sàn-án ni ìdíje. Ní ìpele karùn-ún, Bàbá Nága ò lóṣòó dáadáa mọ́, ó ń fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀. Láti ìkeje lọ, tí ìpele bá parí, ó ń di apá Testimony mú rìn padà, ó ń ṣe bí ẹni ń bá a sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìkẹsàn-án: àmì wa mẹ́ta, tiwọn mẹ́ta. Àwọn ni wọ́n ń di igi mú. Ọ̀kan nínú wọn ti dé ibùdó kẹta. Tí bọ́ọ̀lù kan bá yọ́ kọjá lọ́wọ́ ricevitore, ó ti wọlé, ó ti parí.

Chiara gba àkókò ìsinmi. Ó ní, "Rẹ̀mí, wọ irin ẹsẹ̀ rẹ." Mo ti wọ̀ ọ́ láti ìpele kẹfà. Ó ní, "Lọ sọ fún un pé kó jáde. Kó má jọ bíi ìtìjú."

Mo rìn lọ sí àárín pápá pẹ̀lú ìbòjú lábẹ́ apá mi. Ọkùnrin onífìlà ewé ṣí ojú ìwé tuntun. Mo rí i.

Mo sọ fún Bàbá Nága ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó bá mi kù. Kóòṣì ní ẹ ti ṣe gudugudu méje, ẹ wá sinmi.

Ó yọ ìbòjú. Òógùn ń ro lójú rẹ̀. Ó tẹrí ba fún mi, ó tẹ̀ gan-an, ó pẹ́ níbẹ̀. Kò sì kúrò lójú kan.

Ó ní, "Jọ̀ọ́, sọ fún un pé orúnkún mi dára."

Mo ní kò dára, sà.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, sọ fún un."

Testimony ń wò wá, kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Adájọ́ ìdíje ń wo aago. Mo rìn padà. Ó jìn, ọ̀nà yẹn. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi: ó kọ̀ láti jáde, ẹ fi agbára yọ ọ́, orúnkún rẹ̀ ti wú bí iṣu. Òótọ́ lásán, láìfi ohunkóhun kún un. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta tàbí mẹ́rin níwájú fìlà ewé, ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo nílò.

Chiara ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní orúnkún òun ò ṣe nǹkan kan."

Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo ti bi ara mi láti Padova dé ibí yìí. Ó tẹrí ba fún mi. Kí ni ènìyàn ń ṣe sí àgbàlagbà tó tẹrí ba fún un?

Bọ́ọ̀lù kejì lẹ́yìn ìyẹn, Testimony jù ú sílẹ̀ díẹ̀, ó kan erùpẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ pé á wó lé e bí àpò sìmẹ́ńtì. Bàbá Nága na ọwọ́. Bọ́ọ̀lù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni ibùdó kẹta wọlé, kò tiẹ̀ sáré, ó ń rìn.

Mẹ́rin sí mẹ́ta. Fìlà ewé ti dìde kí a tó pàgọ́.

A wọ bọ́ọ̀sì. Ọba Táyà jókòó síwájú bí ẹni tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jò. Bàbá Nága wá jókòó tì mí, yìnyín wà lórí orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn Vicenza, mo sọ fún un ohun tí mo wí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ó ní òun mọ̀. Fóònù òun ti túmọ̀ ìwé ìròyìn náà fún òun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo ní, "Ẹ ò sọ̀rọ̀."

Ó ní òun gé e, òun fi ránṣẹ́ sí ìyá òun.

Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá fèrèsé wí. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún, òun ò pàdánù ìdíje rí. Wọn ò fún òun ní ọ̀kan tí òun lè pàdánù. Tòní, tòun ni. Ó ní inú òun dùn.

Tèmi ni, mo fẹ́ wí. Ìdíje tèmi lẹ pàdánù yẹn, sà. Mo gbé e mì.

Chiara yíjú padà láti iwájú. Gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú. "Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Ó ní kí gbogbo wa dárí ji òun."

Testimony ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó ń sunkún, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, Ọba Táyà dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Bàbá Nága wò mí. Ó wò wọ́n. Ó dìde lórí ẹsẹ̀ kan, ó tẹrí ba.

Èmi náà pàtẹ́wọ́.